Ẹ Bi Wá Nípa Ìró: Béèsì Kò Jáde, Ṣé Kí N Fi Wáàtì Kún Un?

Lẹ́tà lórí subwoofer, sípíkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ béèsì nìkan, ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó wọlé lóṣù yìí, ìbéèrè kan náà ni ó sì wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú wọn: wáàtì mélòó ni ó máa tó? Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ gùn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe ìṣirò tí mo máa fi dá àwọn tó kù lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé: wúfà ni sípíkà béèsì tí ó wà nínú àpótí; kóònù ni ojú rẹ̀ tí ń rìn síwá sẹ́yìn; kọ́ìlì ni waya tí a wé sídìí kóònù. Decibel ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ga tó. Hertz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni a ń pè ní frequency. Resonance ni frequency tí wúfà inú àpótí fúnra rẹ̀ ti máa ń fẹ́ gbọ̀n.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ní wúfà ínǹṣì 12 kan nínú àpótí tí wọ́n dé pa, amplifier wáàtì 300 ni ó ń gbé e. Tí mo bá ń gbọ́ orin, ó dára. Ṣùgbọ́n tí fíìmù bá dé ibi tí ilẹ̀ ti yẹ kí ó mì, n kì í gbọ́ nǹkan kan, àfi kí wúfà máa dún gbágbágbá. Mo ti rí amplifier wáàtì 600 tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ṣé yóò yanjú ẹ̀? Ìwé tí ó bá wúfà náà wá sọ pé 87 decibel ni ó ń mú jáde ní wáàtì kan, ní mítà kan. Pé kóònù rẹ̀ lè rin mìlímítà 12 síwájú, kí ó sì rin 12 sẹ́yìn. Resonance rẹ̀ nínú àpótí jẹ́ 40 hertz. *Àbúrò yín tí ó fẹ́ kí ilẹ̀ mì*

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì ra amplifier yẹn. O ṣeun tí o kọ àwọn nọ́ńbà inú ìwé náà sílẹ̀, torí àwọn ni a máa fi dá ẹjọ́ yìí.

Kí a kọ́kọ́ wo ohun tí 600 máa fún ọ. Tí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré ni ìró fi ń lọ sókè. Etí máa mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè sọ ilé tí ó dákẹ́ di ilé tí ń mì. Kí ìró tó dà bí ìlọ́po méjì létí wa, ó máa ń gbà tó decibel 10, ìyẹn wáàtì ìlọ́po 10. Láti 300, o ní láti bọ́ sí 3,000.

Ó yá, wo ohun tí 300 tí o ní lọ́wọ́ ń ṣe. Wáàtì kan ń fún ọ ní 87 decibel. Wáàtì 300 fi bíi decibel 25 ju wáàtì kan lọ, nítorí náà wúfà náà lè dé 112 ní mítà kan, níbi tí àpótí kò tíì máa fà á sẹ́yìn. Àpótí tí wọ́n dé pa máa ń dín ìró kù ní ìsàlẹ̀ resonance rẹ̀: gbogbo ìgbà tí frequency bá já sí ìdajì, bíi decibel 12 ló ń lọ. Tìrẹ jẹ́ 40 hertz. Ní 20 hertz, o ti pàdánù bíi 12. Yọ 12 kúrò nínú 112, ó ku 100. Lórí ìwé, amplifier tí o ní báyìí ní agbára láti mú 100 decibel jáde ní 20 hertz.

Ṣé kóònù lè rìn tó bẹ́ẹ̀? Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé nìyí. Afẹ́fẹ́ ni sípíkà ń tì, bí frequency bá sì ṣe ń lọ sílẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ó ní láti tì ń pọ̀ sí i. Kí ìró má bàa dín kù, gbogbo ìgbà tí frequency bá já sí ìdajì, kóònù ní láti rìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Mú kóònù ínǹṣì 12, gbé e sórí ilẹ̀ ní gbangba, kí o ní kí ó mú 100 decibel jáde ní mítà kan. Ní 80 hertz, mìlímítà kan àti díẹ̀ ni yóò rìn síwájú, tí yóò sì rìn sẹ́yìn. Ní 40 hertz, ó di bíi mìlímítà 5. Ní 20 hertz, ó di bíi 19. Tìrẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá 12. Gbágbágbá tí o ń gbọ́ yẹn, kọ́ìlì ni ó ti yọ kúrò níbi tí magnẹ́ẹ̀tì ti ń dì í mú, tí ó sì ń lọ gbá ìdí wúfà.

Tí a bá ti ìdí ṣírò rẹ̀, mìlímítà 12 ní 20 hertz kò lè mú ju bíi 96 decibel jáde, wáàtì 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ sì ti tó láti gbé e dé ibẹ̀. O ní 300. Níbi tí ìṣòro rẹ wà gan-an, amplifier rẹ ti lágbára ju wúfà lọ. Amplifier 600 máa jẹ́ kí ó tètè gbá ìdí ni. Ní òkè 40 hertz ni wáàtì ti wúlò fún ọ, torí níbẹ̀ kóònù ṣì ní àyè, amplifier ni yóò kọ́kọ́ tán.

Etí náà tún ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ tí ó ń gbà. Láti ìgbà tí àwọn olùwádìí méjì, Fletcher àti Munson, ti ṣe ìwádìí wọn ní 1933 ni a ti mọ̀ pé etí ènìyàn kò gbọ́ gbogbo frequency bákan náà. Ìwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 226 sọ pé ní 20 hertz, ìró ní láti tó bíi 78 decibel kí etí tó gbọ́ ọ rárá. 100 decibel ní 20 hertz kò dún létí ju 40 decibel lọ ní 1,000 hertz. Ìdí nìyẹn tí o fi rò pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tí ó dára fún ọ: ní ìsàlẹ̀ yẹn, àlàfo láàárín “n kò gbọ́” àti “ó ti pariwo jù” kéré gan-an, nítorí náà decibel márùn-ún tàbí mẹ́fà níbẹ̀ máa ń hàn gbangba.

Decibel mẹ́fà yẹn ni kí o lé. Wúfà kejì, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, nínú àpótí irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, tí amplifier tirẹ̀ ń gbé, ni yóò fún ọ. Tí àwọn méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́, ìdajì ìrìn àtijọ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò rìn fún ìró kan náà. Tí àyè kò bá gba àpótí méjì, wúfà ínǹṣì 15 tí ìrìn rẹ̀ kò kéré sí èyí tí o ní máa fún ọ ní bíi decibel 4, torí kóònù rẹ̀ fẹ̀ ju ti ínǹṣì 12 lọ ní bíi ìlọ́po kan àbọ̀. Yàrá rẹ pẹ̀lú yóò fi díẹ̀ kún un, torí kì í ṣe gbangba ni o gbé e sí.

Tí o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, ká bébà pélébé kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín kóònù kí orí rẹ̀ yọ síta, kí o sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Jẹ́ kí 20 hertz máa dún, kí o wá rọra yí ohùn sókè. Ojú rẹ yóò máa rí orí bébà méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, torí ibi tí kóònù ti ń ṣẹ́rí padà ni ó ti ń dúró pẹ́ díẹ̀. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Nígbà tí rúlà bá fi hàn pé ó ti di mìlímítà 24, ó ti dé òpin. Wo ibi tí bọ́tìnì ohùn wà nígbà náà. Ó máa yà ọ́ lẹ́nu bí ó ṣe kù púpọ̀ tó lókè.

Ìbéèrè: Yàrá mi gùn ní mítà 5. Ẹ̀bá ògiri iwájú ni subwoofer wà, àárín yàrá gan-an ni àga mi wà. Mo fi maikirofóònù àti Room EQ Wizard, ètò kọ̀ǹpútà tí ń wọn ìró yàrá, wọn ìró ibi tí mo ń jókòó: ihò ńlá kan, níbi tí ìró ti lọ sílẹ̀, wà ní 34 hertz, òkìtì kan, níbi tí ó ti ga jù, sì wà ní 69. Mo fi equalizer, ohun tí ń gbé frequency tí a bá yàn sókè tàbí sílẹ̀, gbé 34 sókè ní decibel 12. Ihò náà kò kún, iná pupa amplifier ni ó kàn ń tàn. Ọmọ mi ní àfi kí n wá amplifier tí ó lágbára jù ú lọ. Kí ni ẹ̀yin rí sí i? *Àgbàlagbà tí ó ń kọ́ nǹkan tuntun*

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìsapá. Ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń fi sípíkà jẹun kì í ṣe: ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan. Ìwọ̀n yín náà ni ó dáhùn ìbéèrè yín.

Ìró ń rin bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú yàrá tí ó gùn ní mítà 5, ìgbì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10 yóò wọ àárín ògiri méjèèjì ní ìdajì gẹ́lẹ́, tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ láàárín wọn. 343 tí a bá pín sí ọ̀nà 10 jẹ́ 34.3. Òun ni ihò yín. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ máa ń kó agbára jọ sí ẹ̀bá ògiri méjèèjì, ó sì máa ń pa ara rẹ̀ láàárín, níbi tí àga yín wà. Ẹ jẹ́ kí 34 hertz máa dún, kí ẹ dìde, kí ẹ lọ dúró ti ògiri ẹ̀yìn: ìró tí ẹ ti ń wá láti ọjọ́ yìí wà níbẹ̀. Òkìtì 69 yẹn, ìlọ́po méjì 34 ni. Ìyẹn máa ń kó jọ sí ògiri méjèèjì àti àárín yàrá pẹ̀lú. Àga kan ṣoṣo, ó bọ́ sínú ihò ọ̀kan, ó sì gun orí òkìtì èkejì.

Kí ló dé tí equalizer kò fi kún ihò náà? Ní ibi tí ẹ jókòó sí, ìró tí ń bọ̀ láti iwájú àti èyí tí ń padà láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń pa ara wọn. Bí ẹ bá gbé èyí tí ń bọ̀ sókè, èyí tí ń padà náà gòkè ní ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì tún pa ara wọn. Omi ni ẹ ń pọn sínú agbọ̀n. Omi ọ̀hún sì wọ́n: decibel 12 jẹ́ wáàtì ìlọ́po 16. Níbi tí amplifier ti ń lo wáàtì 20 tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí ó lo 320. Iná pupa tí ń tàn, ohun tí ó ń sọ nìyẹn, pé òun kò ní in mọ́, òun ti ń gé orí ìgbì kúrò. Amplifier tí ó ju ìyẹn lọ yóò gbé e, iná lè má tàn mọ́, kóònù yóò máa rìn kíkankíkan, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sáàárín kò sì ní gbọ́ nǹkan kan sí i. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ẹni tí ó fi wúfà rere ṣòfò lọ́nà yìí, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ decibel 12 yẹn kúrò lónìí.

Ẹ wá gbé àga sẹ́yìn, kí ó wà ní bíi mítà 3.3 sí ògiri iwájú. Kò ju kí ẹ sún un ní sẹ̀ǹtímítà 80 àti díẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn yàrá, níbi tí ìgbì 34 àti ìgbì 69 ti wà ní ìdajì agbára ìró wọn: èyí tí kò sí tẹ́lẹ̀ á jáde, èyí tí ó pọ̀ jù á rọlẹ̀. Ẹ tún wọn ọ́n. Ẹ má fi maikirofóònù sójú kan ṣoṣo. Ẹ gbé e sí ibi orí, ẹ sún un díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí ọ̀tún, kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún yín ní àárín gbogbo rẹ̀, torí béèsì tí ó tẹ́jú fún etí kan ṣoṣo kò wúlò.

Lẹ́yìn náà ni equalizer tó kàn. Òkìtì ni kí ẹ fi gé. Òkìtì gígé yàtọ̀ pátápátá sí ihò kíkún: bí ẹ bá gé 69 ní decibel 6, ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì àtijọ́ ni amplifier yóò máa lò níbẹ̀, tí ìró yóò sì tẹ́jú síi. Ẹ ti rí wáàtì gbà padà láìra nǹkan kan. Ní ti kíkún, èmi kì í fẹ́ kí ó ju decibel 3 lọ níbikíbi, àfi tí ẹ bá ti mọ̀ dájú pé kì í ṣe ìgbì tí ń pa ara rẹ̀ ni ó gbẹ́ ihò náà.

Tí ọmọ yín bá ṣì fẹ́ ná owó, kí ó ná an sórí subwoofer kejì, kí ẹ gbé e sí àárín ògiri ẹ̀yìn, kí ó dojú kọ ti iwájú. Àwọn méjèèjì yóò máa ti ìgbì 34 yẹn láti ìhà méjì, wọn kò ní jẹ́ kí ó rí àyè fì síwá sẹ́yìn, ìró náà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri yàrá. Todd Welti, olùwádìí ní Harman, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sípíkà, gbé èyí yẹ̀ wò dáadáa ní nǹkan bí 2002. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi iye àti ipò subwoofer, ó sì rí i pé méjì ní àárín ògiri tí ó kọjú síra ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀, pé mẹ́rin, ọ̀kan ní àárín ògiri kọ̀ọ̀kan, dára gan-an, pé kò sí ìdí pàtàkì láti kọjá mẹ́rin. Ìgbì 69 kò ní lọ o. Ìyẹn ṣì jẹ́ iṣẹ́ equalizer.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin ọ́gànì ńlá ni mo fẹ́ràn, irú èyí tí fèrè rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ jù jẹ́ 16 hertz. Subwoofer tèmi kéré, àpótí tí wọ́n dé pa ni, resonance rẹ̀ jẹ́ 50 hertz. Ẹnì kan tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé Linkwitz transform lè mú un sọ̀kalẹ̀ dé 16. Ṣé òótọ́ ni? Èmi kì í yí ohùn sókè púpọ̀. *Ìyá tí ó fẹ́ràn ọ́gànì*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, Ìyá mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi iye tí ó máa gbà hàn yín.

Siegfried Linkwitz, ẹnjiníà ọmọ Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní Hewlett-Packard ní Amẹ́ríkà, ni fílítà náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó fi dára ni pé àpótí tí wọ́n dé pa máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ́nà tí ó ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fílítà yìí á gbé ìró sókè ní ìwọ̀n kan náà tí àpótí fi ń gbé e sílẹ̀, á sì dáwọ́ dúró ní ibi tuntun tí a bá yàn fún un. Ó mọ́, kì í ba ìró jẹ́. Ṣùgbọ́n amplifier ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Ẹ pín resonance àtijọ́ sí tuntun, kí ẹ fi èsì rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. 50 pín sí ọ̀nà 16 jẹ́ 3.125; tí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń lọ sí 95. Níbi tí ìró òkè ń lo wáàtì 5, ìró 16 hertz tí ó ga tó o yóò máa béèrè bíi 475. Kóònù kékeré yẹn á sì tún ní láti rìn ní ìlọ́po kan àbọ̀ ju bí ó ṣe máa rìn ní 20 hertz lọ. Kò ní lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà ṣètò rẹ̀ sí 25. 50 pín sí 25 jẹ́ 2, lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ 16. Wáàtì 5 di 80. Ìyẹn kò le. Nítorí pé ẹ kì í yí ohùn sókè, ẹ tilẹ̀ lè gbìyànjú 20, tí yóò gba ìlọ́po 39, kí ẹ sì máa tẹ́tí sí wúfà dáadáa. Bí ògiri yàrá yín bá le, tí ẹ sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, yàrá fúnra rẹ̀ yóò máa gbé ìró sókè ní ìsàlẹ̀ frequency tí ìgbì rẹ̀ ti gùn jù fún un láti wọ̀. Ògiri pákó máa ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jò lọ.

Nípa fèrè 16 hertz ọ̀hún, ohùn rẹ̀ kì í dá wá. 32 ń bá a rìn, 48 ń bá a rìn, àti èyí tí ó wà lókè wọn. Etí á gbọ́ àwọn wọ̀nyẹn, ọpọlọ á sì fúnra rẹ̀ fi 16 tí kò sí níbẹ̀ kún un, tí ẹ ó fi mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n tẹ̀. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni bí afẹ́fẹ́ gbọ̀ngán ńlá ṣe máa ń tẹ ènìyàn láyà nígbà tí fèrè yẹn bá dún. Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn láti inú àpótí kékeré.

Ohun kan tún ni pé tí ohùn bá wà nílẹ̀, béèsì ni ó máa ń kọ́kọ́ sá fún etí. Nítorí náà, tí ó bá dà bíi pé subwoofer kò tó, ẹ fi decibel 3 tàbí 4 kún un lápapọ̀, tí òkìtì kò bá sí níbẹ̀. Ní ìwọ̀n tí ẹ ń gbọ́ ọ sí, àyè wà fún un.

Ìbéèrè: Subwoofer mi ní ihò lára àpótí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí ó ń gbà jáde, 28 hertz ni wọ́n ṣètò ihò náà sí. Mo fi equalizer gbé 20 hertz sókè ní decibel 8. Bí mo ṣe ń yí ohùn sókè ni béèsì ń dín kù, òórùn kan sì ń jáde láti inú ihò náà. Kí ni ó fà á? *Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀*

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ pa á. Òórùn yẹn jẹ́ ti kọ́ìlì tí ń jó.

Ní 28 hertz, afẹ́fẹ́ inú ihò ni ó ń ṣe iṣẹ́ jù, kóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn rárá, ìdí nìyẹn tí àpótí oníhò fi ń dún tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wáàtì díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ihò àti kóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lòdì síra wọn. Bí kóònù bá ti síwájú, afẹ́fẹ́ á wọlé láti inú ihò. Ìró á máa já ní decibel 24 gbogbo ìgbà tí frequency bá já sí ìdajì, àpótí kò sì ní dá kóònù dúró mọ́, àfi sípíríǹgì tirẹ̀ nìkan. Ibi tí o lọ fi wáàtì ìlọ́po mẹ́fà kún nìyẹn.

Irú wúfà bẹ́ẹ̀ kan wà lórí tábìlì mi. Mo gé rọ́bà etí kóònù, mo fà á yọ. Waya kọ́ìlì tí ó yẹ kí ó máa dán bíi bàbà tuntun ti pọ́n dúdú láti àárín lọ sí ìsàlẹ̀, òkè rẹ̀ ṣì mọ́. Fáníìṣì tí ó so wọ́n pọ̀ ti hó, ó wú bí ìléròrò, waya mẹ́ta sì ti tú kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń ha ara irin. Ìdí tí béèsì fi ń dín kù bí o ṣe ń yí ohùn sókè nìyí: nínú wáàtì tí ń wọ wúfà ilé, èyí tí ń di ìró kì í sábà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ooru ni ìyókù. Gbogbo ìgbà tí bàbà bá gbóná sí i ní ìwọ̀n kan lórí Celsius, resistance rẹ̀ máa ń fi bíi 0.39 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Tí kọ́ìlì bá fi 100 gbóná sí i, ó ti di 39 nínú ọgọ́rùn-ún, wáàtì tí ó ń gbà lọ́wọ́ amplifier á sì dín kù. Ìwọ á rò pé kò tó, wàá tún yí i sókè.

Yọ decibel 8 yẹn. Fi fílítà high-pass sí 25 hertz, èyí tí ń já ní decibel 24, kí ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wúfà mọ́. Àpótí oníhò tí kò ní fílítà yìí kò yẹ kí ó máa dún fíìmù rárá. Nígbà tí ó bá ti tutù tán, fi ìka ọwọ́ méjèèjì rọra ti kóònù wọlé lọ́gbọọgba. Tí ó bá lọ tí ó bọ̀ láìdún, ó ṣeé ṣe kí kọ́ìlì ṣì dára. Tí o bá gbọ́ kí nǹkan máa ha bí iyanrìn, má tan án mọ́, àfi kí wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì.

Ìbéèrè: Wúfà mi ní kọ́ìlì méjì, ohm 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé amplifier sọ pé kò gbọ́dọ̀ kéré sí ohm 4. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n so wọ́n pọ̀ di ohm 2, kí wáàtì lè jáde dáadáa. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Rárá. Kódà tí amplifier bá gbà á, èrè tí ó pọ̀ jù tí o lè rí láàárín ohm 4 àti ohm 2 kò ju decibel 3 lọ, ní ìsàlẹ̀ pátápátá sì rèé, bí mo ṣe sọ fún àbúrò wa lókè, kóònù lè má rí ibi fi í sí. Amplifier rẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò lè gbé e. Yóò gbóná, yóò pa ara rẹ̀, tàbí kí ó jó.

So wọ́n tẹ̀lé ara wọn: rere kọ́ìlì kìíní lọ sí amplifier, òdì rẹ̀ lọ sí rere kọ́ìlì kejì, òdì kọ́ìlì kejì padà sí amplifier. Ohm 8 ni ìyẹn. Kí o tó tan amplifier, fi mítà wọn ẹnu waya méjèèjì tí o fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Mítà máa ń fi nọ́ńbà tí ó kéré díẹ̀ sí ti ìwé hàn: tí o bá rí bíi 7, ó ti tọ́. Tí o bá rí bíi 1.7, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni o so wọ́n sí, tú u kí o tún un so.